Ohùn Ta Ni Mo Fi Ń Bá Ọmọ Yìí Sọ̀rọ̀?

Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ tíṣà kí n tó wá jókòó ti ìyàwó mi ní ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní Gbági. Gbági àtijọ́ ni mo ń wí o, èyí tí ó wà lẹ́bàá Dùgbẹ̀, kì í ṣe ti tuntun tí ó wà ní ọ̀nà Ifẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ aláṣọ kó lọ sí ọjà tuntun, ìyàwó mi ní òun kò lọ síbì kankan, nítorí pé àwọn oníbàárà òun ti mọ ojú àtẹ̀gùn òun. Iṣẹ́ tèmi níbẹ̀ kò pọ̀. Mo ń kọ ìwé owó, mo ń wọn léèsì, mo sì ń fún àwọn ènìyàn ní ìmọ̀ràn tí wọn kò bèèrè lọ́wọ́ mi.

Ìmọ̀ràn àìbéèrè yìí gan-an ni ó fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ọlọ́jà sọ lónìí.

Ọmọ-ọmọ mi kan ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Bàbá rẹ̀, tí í ṣe àkọ́bí mi, ti kú. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Bí ó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ìsọ̀ ni ó máa ń wá láti bá ìyá àgbà rẹ̀ ká aṣọ. Ọmọ tí ó ti máa ń pariwo bí ẹyẹ ẹ̀gà tẹ́lẹ̀ rí, ó di ẹni tí kì í dáhùn ju "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" àti "Rárá, sà" lọ. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń lọ sẹ́yìn. Bí mo bá bá a wí, yóò máa wo ilẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, yóò máa wo fóònù. Mo ti pè é ní olódo lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ títí ó fi sú àwọn fúnra wọn.

Nígbà tí ó yá, owó dín nínú àpótí ìyàwó mi. 4,500 náírà ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe ìṣirò náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì dín. N kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo pe ọmọ náà jáde síwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ àti oníbàárà méjì, mo ní, "Olè! Bàbá rẹ kò jalè, èmi kò jalè, níbo ni ìwọ ti kọ́ ọ?" Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Kò sọ pé òun ni òun mú un, kò sì sọ pé òun kọ́. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn, inú ilé kan náà ni a ti ń jẹun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò pa wá pọ̀.

Inú ọ̀sẹ̀ náà ni ọmọbìnrin kan wá ra àǹkárá yáàdì mẹ́fà lọ́wọ́ wa. Mo kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà kan rí. Ó ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbani-nímọ̀ràn ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìlú yìí. Bí ó ṣe ń sanwó lọ́wọ́, ó rí yàrá òkè tí a ń kó páálí òfìfo sí, ó bèèrè bóyá a lè yá òun. Ó ní òun fẹ́ máa pe àwọn ọmọ ọlọ́jà mẹ́jọ jọ níbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ìsọ̀ bá wà ní títì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìyàwó mi gbà lójú ẹsẹ̀, ó sì ní kí ọmọ wa jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ náà. Èmi ní mo gbà pẹ̀lú, bí mo bá lè jókòó síbẹ̀ kí n máa wo ohun tí ó ń lọ.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ lè jókòó, sà, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wa ni. Ẹ kò ní bá ẹnikẹ́ni wí, ohun tí ẹ bá sì gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò kú sí. Àwọn ọmọ náà gbọ́dọ̀ gbà kí ẹ tó wọlé." Ẹ wo èmi tí mo ti lo pàṣán fún ọdún 31, tí mo dúró lórí àtẹ̀gùn kí àwọn ọmọdé máa fi ọ̀rọ̀ mi jẹ ìgbìmọ̀! Ọmọbìnrin aláta kan ni ó dá ẹjọ́ náà. Ó ní, "Bí Bàbá yóò bá sọ tiwọn náà, kí wọ́n wọlé." Nítorí náà, ẹ má retí pé n óò sọ àṣírí ọmọ ẹnikẹ́ni fún yín. Tèmi ni n óò sọ, àti díẹ̀ nínú ti ọmọ-ọmọ mi, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ní kí n sọ.

Ọ̀nà tí ọmọbìnrin náà ń tọ̀ ní orúkọ ní ilẹ̀ òkèèrè, Transactional Analysis ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni orúkọ náà, mo fún ọ, o fún mi. Dókítà Eric Berne ni ó gbé e kalẹ̀. Ìlú Montreal ní Kánádà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1910, California ní Amẹ́ríkà ni ó ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kú ní 1970. Ó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1961, ó tún kọ òmíràn, Games People Play, ní 1964, èyí tí àwọn tí kì í ṣe dókítà rárá rà káàkiri bí ẹni ra búrẹ́dì. Ohun tí ó wí kò le. Ó ní ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní ohùn mẹ́ta nínú, àti pé ohùn tí ẹnì kan bá fi sọ̀rọ̀ ni ó máa ń fa irú ohùn tí ẹnì kejì yóò fi dáhùn. Àárín ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì fẹ́ràn láti máa ṣe iṣẹ́ náà, kí ẹnì kan lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé òyìnbó ti tún dé. Ẹ dákẹ́ ná. Ìbàdàn níhìn-ín ni àwọn Sísítà ilé-ẹ̀kọ́ St. Theresa ní Òkè-Àdó ti pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ ní 1959, kí wọ́n wá bá àwọn ọmọbìnrin tí ó fẹ́ jáde ìwé sọ̀rọ̀ nípa irú iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe, ibẹ̀ ni a sì máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ìgbani-nímọ̀ràn nínú ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà sí. Ṣáájú ìyẹn, ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ ní Arò, ní Abẹ́òkúta, tí àwọn tí orí wọn kò balẹ̀ ń gbé nínú abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú láàárín ènìyàn dípò inú ọgbà títì. Kí a kó ara jọ láti tún ọkàn ṣe, kì í ṣe ohun àjèjì sí wa.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ọmọbìnrin náà fa páálí kan yọ, ó ya òbìrípo mẹ́ta sí i, ọ̀kan lórí èkejì. Ó kọ Òbí sí ti òkè, Àgbà sí ti àárín, Ọmọ sí ti ìsàlẹ̀. Ó ní Òbí ni ohùn tí a jogún lẹ́nu àwọn tí ó tọ́ wa: má ṣe é, ṣe é, ojú kò tì ọ́, ó sì tún ní tútù, ìyẹn pẹ̀lẹ́, wá jẹun. Ọmọ ni ohùn ìgbà tí a kéré: ẹkún, ẹ̀rín, ìbẹ̀rù, eré, agídí. Ti àárín ni ó ń wo ọ̀ràn bí ó ti rí, tí ó ń bèèrè, tí ó ń wọ̀n ọ́n kí ó tó dáhùn.

Mo gbàgbé pé n kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni wí. Mo ní, "Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àgbà àti òbí, ọ̀kan náà ni. Báwo ni ọmọ ọdún 15 yóò ṣe ní àgbà nínú?" Kò bínú. Ó ní òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà kò bá a mu, kí a wá òmíràn. A wá a títí. Ọmọbìnrin aláta yẹn náà ni ó tún rí i. Ó ní bí ìyá òun bá ń ka owó, kì í sunkún, kì í bú ẹnikẹ́ni, kì í sì í rẹ́rìn-ín, bí ó ti wù kí wọ́n mú un bínú tó, nítorí pé bí ó bá ṣe èyíkéyìí nínú wọn, owó náà yóò ṣì. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pe ti àárín ní Aṣírò. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí dára ju ti dókítà náà lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ó ní kí a fi ọjà dá àpẹẹrẹ. Oníbàárà dé, ó ní, "Èló ni yáàdì kan?" Aláṣọ ní, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta." Aṣírò bèèrè, Aṣírò dáhùn, ọ̀rọ̀ náà lọ tààrà. Oníbàárà ní, "Ìyá mi, ẹ ṣàánú mi, ọmọ yín ni mí." Aláṣọ ní, "Ó dáa, ọmọ mi, mú un ní ẹgbẹ̀rún méjì àti ààbọ̀." Ọmọ pe Òbí, Òbí dáhùn, kò sí ìjà níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ní, "Èló ni yáàdì kan?" tí aláṣọ sì dáhùn pé, "Ṣé o tilẹ̀ ní owó lọ́wọ́ ná?" ọ̀rọ̀ ti forí gbárí nìyẹn. Aṣírò ni a bèèrè, Òbí ni ó fi ìkanra dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà mọ ohun tí í kẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí, nítorí pé olúkúlùkù mọ aláṣọ tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín kí n tó rántí pé bí mo ṣe ń dá ọmọ-ọmọ mi lóhùn lójoojúmọ́ nìyẹn. Bí ó bá ní, "Bàbá, aago mélòó ni a ó ti ìsọ̀?" èmi a ní, "Kí ló ń lé ọ?"

Ó tún sọ nípa eré kan tí Berne kíyèsí, tí ẹnì kan ń ráhùn, tí àwọn yòókù ń gbà á nímọ̀ràn, tí ó sì ń dá wọn lóhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n" títí ó fi sú gbogbo wọn. Kí ẹ wá sí Gbági ní ọ̀sán ọjọ́ Mọ́ńdè tí ọjà kò bá tà, ẹ ó rí i wò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ó dùn mí jù. Ọmọbìnrin náà ní bí ara ṣe ń fẹ́ oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ń fẹ́ kí ẹlòmíràn fi hàn pé òun rí i. Bí kò bá rí èyí tí ó dára gbà, yóò wá èyí tí kò dára, nítorí pé ìbáwí sàn ju kí a má tilẹ̀ rí ènìyàn. Mo ní nínú ara mi pé, kí ni a ń fi ẹ kú ọjà, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àtàárọ̀ ṣe bí kì í bá ṣe èyí? Kí ni oríkì wà fún? Ìyá tí ó bá ń ki ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ ti bọ́ ọ yó kí ẹ̀kọ tó jinná. Ó wá fún wa ní iṣẹ́ ilé: kí olúkúlùkù mú ìwé, kí ó máa sàmì sí i nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹnì kan nínú ilé bá fi ohùn dídùn pè é, láti àárọ̀ di alẹ́, fún ọjọ́ mẹ́fà.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, ọmọ-ọmọ mi gbé ìwé tirẹ̀ sílẹ̀. Ìyá àgbà, 22. Àwọn ọmọ iṣẹ́, 9. Ìyá mi láti Èkó, 4. Bàbá, kò sí.

N kò lè já a nírọ́. Àkànní ni oríkì rẹ̀, oríkì bàbá rẹ̀ sì ni. Èmi ni mo ní kí a fún un nígbà tí wọ́n bí i. Láti ọjọ́ tí a ti sin ọmọ mi, ẹnu mi kò gba à láti pè é mọ́. Orúkọ ìwé rẹ̀ ni mo ń pè, bí ẹni ń pe orúkọ nínú kíláàsì. N kò rò pé ó kíyèsí i.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó kan mí láti sọ tèmi. Mo sọ fún wọn nípa ọdún 1964 ní Bẹyẹrúnkà, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá mi rán mi ní èlùbọ́ ní Ọjàaba, mo sì mú ṣẹ́ńjì dé. Ó ní sísì kan dín. Ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n kọjú sí ògiri, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ìyá mi bá sísì náà nínú àpò agbádá rẹ̀. Bàbá mi kò sọ nǹkan kan. Ó ra àkàrà fún mi.

Ọmọbìnrin náà wá gbé àpótí méjì dojú kọ ara wọn. Ó ní kí èmi jókòó sí ti ọmọ-ọmọ mi, kí òun jókòó sí tèmi, kí a tún ìjà owó yẹn jà. Ẹ̀yin ará, ọmọ náà la ẹnu, ohùn bàbá mi ni mo gbọ́. "Níbo ni ìwọ ti kọ́ ọ?" Ọ̀rọ̀ mi ni, ṣùgbọ́n ohùn náà ti Bẹyẹrúnkà ni, bí ó ti rí gẹ́lẹ́, ọmọ yìí kò sì rí bàbá mi rí láyé rẹ̀. Ẹnu mi gbẹ. Ohun tí mo rí sọ kò ju "Ẹ má bínú, sà" lọ.

Ọmọbìnrin náà ní kí á dúró. Ó ní, "Sà, bí Aṣírò yín bá fẹ́ bèèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni ì bá jẹ́?" Mo rò ó. Mo ní, "Kí ni owó náà wà fún?"

Ó dáhùn. Owó ìdánwò ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe nínú ilé-ẹ̀kọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ó gbà á parí ti kù sí ọ̀la. Ó ní òun mú un lóòótọ́. Mo ní, kí ló dé tí kò bèèrè? Ó wo ojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Bàbá, bí mo bá bèèrè igba náírà lọ́wọ́ yín, ẹ máa ń kọ́kọ́ fi wákàtí kan sọ fún mi bí ẹ ṣe rìn láti Bẹyẹrúnkà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láìwọ bàtà." Gbogbo yàrá náà pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọ aláta yẹn bú sẹ́rìn-ín, n kò sì mọ ìgbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Olè ni ohun tí ó ṣe, mo sì sọ fún un. Ṣùgbọ́n a jókòó, a ṣírò rẹ̀: 500 náírà lọ́sẹ̀ nínú owó tí ìyá àgbà rẹ̀ ń fún un fún kíká aṣọ, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Èmi náà ní gbèsè tèmi. Iwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ ni mo ti pè é lólè. Iwájú wọn ni mo ti ní láti sọ pé kò yẹ kí n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ṣòro fún mi ju ohunkóhun tí mo ti ṣe láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì.

Ìyàwó mi kò fara mọ́ gbogbo rẹ̀ títí di òní. Ó ní, "Nígbà tí ọmọ bá jalè, ẹ ó máa pe òbìrípo." Ó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ ni. Èmi pàápàá ní ohun tí ó ń kọ mí lóminú. Ní Ìbàdàn, bí ọmọdé bá fi ohùn jẹ́jẹ́ wo ojú àgbàlagbà, tí ó sì sọ pé, "Ọ̀rọ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀," àfojúdi ni wọn yóò kà á sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Kò sí nínú òbìrípo Berne. Mo bi ọmọbìnrin náà. Ó ní ohun tí òun ń kọ́ àwọn ọmọ ni pé kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ tàbí kí wọ́n kúnlẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe, kí wọ́n máa pe ènìyàn ní "ẹ" bí wọ́n ti ń pè é, kí wọ́n ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé," kí wọ́n sì ṣàlàyé. Orúnkún ni ó wà nílẹ̀, ó ní, orí kò sí nílẹ̀. Èyí yé mi. Ṣùgbọ́n àgbà tí yóò jẹ́ kí a ṣàlàyé náà ni iṣẹ́ kù sí lọ́wọ́.

Kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀ràn ni ó mọ níwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ náà ní ẹrù tí páálí kò lè gbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọbìnrin náà mú un lọ sí ibi tí ó yẹ, ó sì sọ fún wa gbangba pé ti ọ̀ràn náà ju ti òun lọ. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìlérí tí mo ṣe lórí àtẹ̀gùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ti parí tipẹ́. Páálí olóbìrípo ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní òkè, ìyàwó mi fi ń dí ibi tí òjò ń gbà wọlé. Ní Sátidé tí ó kọjá, ọjà tà dáadáa. Nígbà tí a fẹ́ ti ìsọ̀, ọmọ náà jókòó síwájú àpótí owó pẹ̀lú ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo wúkọ́. Mo ní, "Àkànní." Ohùn mi kò jáde dáadáa, mo tún un pè.

Ó na ìka kan sókè láìgbé ojú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti kà á dé 27."

Mo dúró dè é.